Káàdì Àfọwọ́ṣe fún Ìyá àti Bàbá

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé yìí ní kí àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá àti iṣẹ́ ọnà mú ẹ̀kọ́ kan wá, èyí tí ènìyàn lè kà nílé kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, káàdì tí àwọn ọmọ máa ń ṣe fún ìyá àti bàbá wọn ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Púpọ̀ nínú yín ti ṣe é rí lórí àga ilé ẹ̀kọ́ wa yìí ní Ayọ̀bọ̀. Púpọ̀ sì ti gbà á rí lọ́wọ́ ọmọ, tí ẹ há a sí etí dígí títí oòrùn fi pa á láwọ̀ dà.

Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní ọdún kan, nígbà tí Ọjọ́ Ìyá ku ọ̀sẹ̀ kan, a kọ ìlà ewì Òyìnbó mẹ́rin sí ojú pátákó, a sì ní kí gbogbo kíláàsì dà á kọ sínú káàdì wọn. Wọ́n dà á kọ. Ó mọ́, ó gún, àṣìṣe kò sí níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ìyá ìbejì kan dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú káàdì méjì lọ́wọ́. Ó kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà ni ó ṣí méjèèjì sílẹ̀ níwájú wa, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti Táíwò, èwo ni ti Kẹ́hìndé? Ọmọ méjì ni mo bí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bá mi sọ." A bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fi dé yàrá àwọn olùkọ́, ẹ̀rín náà ti tán lẹ́nu wa.

Láti ọjọ́ náà ni a ti yí ẹ̀kọ́ náà padà. Tẹ́lẹ̀, pépà àti àwọ̀ ni a máa fi ń bẹ̀rẹ̀, tí a ó sì fi ọ̀rọ̀ parí rẹ̀ bí ẹni tí ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí ó ti jinná. Nísinsìnyí, inú káàdì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí ní láti bá òbí yìí sọ, tí ọmọ mìíràn kò lè bá a sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì sí, a kì í jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ kan àlùmọ́gàjí.

Kí káàdì tó dé

Àwọn baba wa kò dúró de pépà kí wọ́n tó fi ohun àfọwọ́ṣe ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Àrokò wà. Àlùfáà C. A. Gollmer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ó bá ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dé Badagry ní 1845, kọ nípa àrokò ilẹ̀ Yorùbá, a sì tẹ ohun tí ó kọ jáde ní London ní 1885. Nínú àrokò, owó ẹyọ méjì tí a so kọjú sí ara wọn ń sọ ti ìbátan àti ìpàdé. Bí a bá so wọ́n kẹ̀yìn sí ara wọn, ìyapa àti ìjà ni. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí pé "fà" ń bẹ nínú ẹẹ́fà. Mẹ́jọ ń sọ pé a jọ wà ní ìṣọ̀kan, nítorí "jọ" tí ó wà nínú ẹẹ́jọ. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń ránṣẹ́ ni ó ń ronú bí yóò ti so ó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ti rí láàárín òun àti ẹni tí yóò gbà á.

Káàdì alátẹ̀tà ní ìtàn mìíràn. Ní 1843, ọ̀gbẹ́ni kan ní London tí à ń pè ní Henry Cole rí i pé lẹ́tà ọdún Kérésìmesì tí òun ní láti dáhùn ti pọ̀ ju àkókò òun lọ. Ó ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley ya káàdì kan, ó tẹ ẹgbẹ̀rún kan (1,000) rẹ̀ jáde, wọ́n fi ọwọ́ kun wọ́n ní àwọ̀, èyí tí ó ṣẹ́kù ni ó sì tà ní ṣílè kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ẹni tí kò ráyè ni ó dá káàdì Kérésìmesì alátẹ̀tà sílẹ̀. A kò fi èyí bú u, nítorí ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méjìlá tí ó ń lo wákàtí mẹ́ta nídìí eré bọ́ọ̀lù kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó Henry Cole.

Ẹni tí ó sì fìdí Ọjọ́ Ìyá múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Anna Jarvis, bá àwọn oníṣòwò káàdì jà títí ó fi kú ní 1948. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, 1908, ni a ṣe ìsìn àkọ́kọ́ fún àwọn ìyá nínú ìjọ kan ní Grafton, West Virginia, ní ìrántí ìyá rẹ̀ tí ó ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ní 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson kéde ọjọ́ náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò pẹ́ tí òdòdó àti káàdì títà fi gba ọjọ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí ó ń bí i nínú ni pé àwọn ọmọ ń ra ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí ìyá tí ó bí wọn, dípò kí wọ́n jókòó kọ lẹ́tà. Obìnrin yìí kò bí ọmọ kankan. Ipò ọmọ ni ó ti ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ níhìn-ín, ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì ni a ń kí àwọn ìyá, gẹ́gẹ́ bí àṣà tí a jogún lọ́dọ̀ ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìjọ mìíràn tẹ̀lé ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Karùn-ún, èyí ni ó fà á tí ìyá kan náà fi lè gba ìkíni lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Ti àwọn bàbá ni ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti ń rọ̀, tí ìdánwò ti ń súnmọ́ tòsí, tí kò sì sí ẹni tí ó rántí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kí ó yé wa: àwọn bàbá máa ń pa káàdì mọ́ ju bí ẹ ti rò lọ.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀

Ìbéèrè kan ni a máa ń fi síwájú àwọn ọmọ, a sì máa ń fún wọn ní odindi ìpàdé kíláàsì kan láti fi dáhùn rẹ̀ sórí pépà lásán: Kí ni ìyá rẹ tàbí bàbá rẹ ṣe fún ọ, tí ẹlòmíràn kò mọ̀? A kì í gba "wọ́n ń tọ́jú mi," a kì í sì í gba "wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi." Gbogbo ènìyàn mọ èyí. Níbẹ̀rẹ̀, wọn a máa wo àjà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé: "Màmá mi, mo rántí ọjọ́ tí omi òjò gba ọ̀nà, tí ẹ bọ́ bàtà àwa méjèèjì sínú náílọ́ọ̀nù, tí ẹ sì pọ̀n mí kọjá, bẹ́ẹ̀ ni mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án." Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń jáde nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìyànà-Ìpájà má baà ká a mọ́, kọ ọ́ pé: "Dádì, ẹ kú ìjí òwúrọ̀. Mo máa ń gbọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń rọra ṣí géètì kí a má baà jí." Ìlà méjì péré ni. Bàbá náà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ rárá pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá há ọmọ lọ́fun, kì í ṣe pé ó ya òpè. Samuel Ajayi Crowther, tí ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, pàdé ìyá rẹ̀ Àfàlà ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ, 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀; wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń wo ara wọn. Àgbà nínú ìmọ̀ èdè ni, ọ̀rọ̀ sì wọ́n ọn. Ní 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. A máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tí ń wo àjà.

Nígbà tí wọ́n bá wá kọ ọ̀rọ̀ náà tán, iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Mọ́mì." Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rò ó, tí wọ́n sì fi Yorùbá kọ ọ́. Kò sí ọmọ tí a tọ́ dáadáa tí yóò dúró níwájú ìyá rẹ̀ tí yóò sọ pé "rẹ". Káàdì kò sì yí ọ̀wọ̀ padà. "Mo fẹ́ràn yín" ni, "ẹ ṣeun" ni, "Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa" ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ọmọ tí ó fẹ́ kọ "Ìyá mi" tí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí orí "a" ti kọ "Ìyà mi." A ti rí i lára káàdì pupa kan, tí a fi òdòdó yí ká, ní lẹ́tà ńláńlá. Kí ọmọ má ṣe pe ìyá rẹ̀ ní ìyà, ẹ jẹ́ kí ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè fún ẹlòmíràn kí ó tó mú báírò.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ọrọ̀ tí èdè wa ní nínú "kú." Òyìnbó ní láti wá ọ̀rọ̀ kiri fún ìkíni. Tiwa ti wà nílẹ̀: ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìdúró ní ọjà, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ọmọ. Ọmọ tí ó bá mọ ohun tí òbí rẹ̀ ń fara dà ti mọ bí yóò ti kí i. Oríkì pẹ̀lú wúlò. A ní kí wọ́n lọ béèrè oríkì ìyá wọn lọ́wọ́ ìyá-ìyá wọn, nítorí ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Àwọn ilé kan fẹ́ kí ọmọ ki òbí rẹ̀, àwọn mìíràn kò fẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ni ẹ mọ èyí tí ó jẹ́ tiyín. Ìbéèrè náà ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ tẹ ìyá àgbà láago fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń gbé Ayọ̀bọ̀. Nínú kíláàsì wa, a ní ọmọ Ígbò, ọmọ Ègùn, ọmọ Ẹ̀dó àti àwọn mìíràn. Ọmọ tí ó ń pe ìyá rẹ̀ ní "Nne" nílé, kí ó kọ "Nne" sínú káàdì rẹ̀. Èdè tí ìyá fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún ni èdè káàdì. A kò sì ta ko Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn òbí kan wà tí inú wọn dùn sí i, ìbá à ti jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ.

Àwọn kan a máa sunkún pé ìwé àwọn kò dára, àwọn fẹ́ kí a bá àwọn fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. A máa ń ní kí wọ́n ṣí Gálátíà orí 6, ẹsẹ 11, níbi tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì, tí ó ń lo akọ̀wé, ti gba kálàmù fúnra rẹ̀ tí ó sì pe àfiyèsí sí bí lẹ́tà ọwọ́ òun ti tóbi tó. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fẹ́ kí wọ́n rí.

Pépà, ẹ̀kọ àti búlúù

Nígbà yìí ni a tó lè mú pépà wá. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti owó tán ní kíákíá: káàdì yìí kò gbọdọ̀ ná òbí ní owó. Ọmọ tí ó gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó lè ra ẹ̀ṣọ́ sí káàdì ìyá rẹ̀ ti mú kí ìyá náà ra káàdì fún ara rẹ̀.

Pépà A4 tí ó nípọn díẹ̀ tó. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 297 mìlímítà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 210. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ojú káàdì yóò jẹ́ nǹkan bí 148 sí 210. Pépà ní ọ̀nà tí ara rẹ̀ tọ̀, gẹ́gẹ́ bí igi. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ní òró, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní ìbú, láìṣẹ́ ẹ. Apá kan yóò rọ̀ ju èkejì lọ. Ibẹ̀ ni ó fẹ́ kí a gbà ṣẹ́ òun. Bí a bá ṣẹ́ ẹ lódì, etí rẹ̀ yóò máa la bí ètè inú ọyẹ́. Kí a tó ṣẹ́ ẹ, a ó fi rúlà lé ojú ìlà náà, a ó sì fi báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára díẹ̀. Ẹ má ju báírò tí ó ti gbẹ nù mọ́.

Ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù ni èyí tí a kọ́ lára àwọn aláró. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo a máa fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í dé ibẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn kan fi ń yà á, àwọn mìíràn a sì fi òòyà fa ìlà sínú ẹ̀kọ náà nígbà tí ó ṣì tutù. A kò ní ìkòkò aró ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n òòyà wà. Nítorí náà, àwa a máa po àwọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ fúnra rẹ̀.

Ẹ po ṣíbí fúláwà kan mọ́ omi tútù títí kókó kò fi sí nínú rẹ̀. Ẹ fi omi bíi ṣíbí márùn-ún sí i, kí ẹ gbé e ka iná tí kò le, kí ẹ máa rò ó láìdúró títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Sítáàṣì tí a fi ń le aṣọ náà ṣeé lò. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ fi búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rí bí aró. Ẹ fi fóòmù tí ó lọ́rinrin nu ojú pépà, kí ẹ tẹ́ ẹ̀kọ aláwọ̀ náà sí i ní fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi òòyà, tàbí ègé páálí tí a gé eyín sí, fa ìlà sínú rẹ̀: ìlà tí ń já lọ bí omi, ìlà tí ń kọ ara wọn, bí ó ti wù yín. Bí kò bá dára, ẹ fi fóòmù pa á rẹ́ kí ẹ tún un fà. Kò sí iṣẹ́ ọnà tí ó ń dárí àṣìṣe ji ọmọ bí èyí.

Ẹ tẹ́ ẹ síbi òjìji kí ó sùn mọ́jú. Yóò ká kò bí ewé gbígbẹ, ẹ má fòyà. Ẹ kó ìwé wúwo lé e fún ọjọ́ kan, yóò sì tẹ́jú. Ẹ gé e sí ìwọ̀n ojú káàdì, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé aṣọ ni. Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi ẹ̀kọ náà nípọn, nítorí aáyán fẹ́ràn fúláwà. A ní káàdì kan tí a tọ́jú sínú àpótí fún ìpàtẹ. Nígbà tí a ṣí i, òdòdó ara rẹ̀ ti di oúnjẹ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí lè lọ sọ́dọ̀ aránṣọ àdúgbò fún àjákù áńkárá. Bí a bá kan gé e lásán, etí rẹ̀ yóò máa tú fọ́nrán. Ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ pa ẹ̀yìn aṣọ náà, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tó gé e sí ewé tàbí ẹyẹ. Ìyẹ̀fun dídán tí wọ́n ń tà sínú ìgò kékeré, àwa kì í gbà á láàyè mọ́. Ó máa ń gbọ̀n sínú ọbẹ̀.

Owó ẹyọ tí a sọ ṣáájú náà tún padà wá síhìn-ín. Àwọn ọmọ a máa yà á sí ẹ̀yìn káàdì: mẹ́fà, tí a so ní méjì-méjì kọjú sí ara wọn. Òbí tí ó bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò fún

Èyí ni ó nira jù nínú ẹ̀kọ́ yìí, a kò sì lè fò ó. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni a ti ń rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, tàbí tí bàbá rẹ̀ lọ tí kò padà, tàbí tí àwọn òbí rẹ̀ wà ní òkè òkun tí ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá. Nígbà kan rí, a máa ń sọ pé, "Ẹni tí kò bá ní ìyá, kí ó ṣe tirẹ̀ fún olùkọ́." Àánú ni a rò pé a ṣe. Ohun tí a ṣe ni pé a mú kí ojú gbogbo kíláàsì yípadà sí ọmọ kan.

Nísinsìnyí, ìbéèrè wa kò dárúkọ ìyá ní ìbẹ̀rẹ̀. A máa ń sọ pé: "Ta ni ó ń jí ọ ní òwúrọ̀?" Ìdáhùn a máa yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu, kò sì sí ojú tí ó ń yí sí ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà ni, ẹ̀gbọ́n ni, ìyàwó bàbá ni. Nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 19, lórí àgbélébùú ni Olúwa wa ti fa ìyá rẹ̀ lé ọmọ-ẹ̀yìn kan lọ́wọ́, tí ó sì pe ẹni tí kò bí ọmọ náà ní ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń tọ́ ní kí a bá òun wá ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun kò tíì pè é ní "Màmá" rí. A kò bá a wá a. A ní kí ó kọ orúkọ tí ó ń pè é nílé, kí ó kọ ohun tí ó ṣe, kí ó sì dúpẹ́. "Àǹtí" ni ó kọ. Káàdì náà kò kéré ju ti àwọn yòókù lọ.

Ọmọkùnrin kan sì wà tí ó kọ tirẹ̀ sí bàbá rẹ̀ tí ó ti kú. A jẹ́ kí ó ṣe é dé òpin, pẹ̀lú àpò lẹ́tà rẹ̀. A kò béèrè ibi tí ó gbé e lọ.

Fífi fún wọn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ wà ní Peckham, ní Houston, tàbí ní Ìkòròdú pàápàá tí ẹ kò ráyè wálé, ẹ fi káàdì náà rán ẹni tí ń bọ̀, kí ẹ sì pè wọ́n ní ọjọ́ tí ó bá dé ọwọ́ wọn. Ẹ kà á fún wọn lórí fóònù kí ẹ tó béèrè bóyá owó ti wọlé.

Ní ti àwọn ọmọ tí ó wà nílé, ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gbé káàdì fún òbí, lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, ọmọ yóò sì kà á sókè. A kò fi èyí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí ohun tí ọmọkùnrin kan sọ fún wa. Ó jókòó láìṣe nǹkan kan nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ. A béèrè ìdí rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Màmá mi kò mọ̀wé kà." Ata ni ìyá náà ń tà ní ọjà. A sọ fún un pé òun ni yóò jẹ́ ojú fún ìyá rẹ̀, pé ohun tí òun bá kọ, òun náà ni yóò kà á. Ó gbà, ó kọ ìlà mẹ́fà, ó sì ya owó ẹyọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ó tẹ̀lé e, ìyá náà wá bá wa lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Ó tú náílọ́ọ̀nù kan, ó mú káàdì náà jáde láàárín ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ àti fọ́tò kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Ó kà á fún mi, ṣùgbọ́n ó fo ibì kan. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ti fò ó."

A mọ ìlà tí ó fò. Àwa ni a bá a tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. A kì yóò tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín. Ó tó kí a sọ pé ìtọrọ àforíjì ni, nípa ọjọ́ kan tí ó ṣe bí ẹni tí kò mọ ìyá rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá náà na káàdì sí wa. Ọ̀kan nínú wa ti na ọwọ́ láti gbà á. Lẹ́yìn náà ni a sọ fún un pé kí ó dákun, kí ó jókòó díẹ̀, a sì rán ènìyàn lọ pe ọmọ náà wá láti orí pápá.

A fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú kíláàsì, a sì dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀. A kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. A rí i láti ojú fèrèsé pé ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ju bí a ti ń ka ìlà kan lọ. Nígbà tí ó yá, ìyá náà tú ìdí ìró rẹ̀, ó fún un ní owó ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, ó ká káàdì náà padà sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n sì jọ jáde gba ẹnu géètì ńlá.